Ìgò àgbo tàbí àyẹ̀wò kíníìkì: ìfiwéra fún obìnrin Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba

Ọdún kẹta tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni màmá mi fi ìgò méjì ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi gbé e wá, ó fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, ó sì fi aṣọ ìnura há a sáàárín bàtà kó má baà fọ́. Ìgò kan jẹ́ ti mímu. Èkejì jẹ́ ti ìjókòó: kí n dà á sínú omi gbígbóná nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí n jókòó lé e, kí ooru rẹ̀ máa wọlé. Gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn lórí fóònù ni pé abẹ́ ń yún mi, nǹkan funfun sì ń jáde. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Infẹ́kṣàn ni. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn òyìnbó yẹn lo ti kó o."

Mo mu ti mímu, mo jókòó lé ti ìjókòó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo wà níwájú nọ́ọ̀sì kan, mò ń ṣàlàyé bí awọ abẹ́ mi ṣe bó. Kò bú mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí: kí ló wà nínú ìgò yẹn, àrùn wo ni mo sì ń fi wò? Mi ò mọ èkíní. Mi ò mọ èkejì.

Ìbéèrè méjèèjì yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì bá àgbo ṣọ̀tá. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà lókè òkun sábà máa ń wà láàárín ohùn méjì, ti ìyá lórí WhatsApp àti ti GP, dókítà àdúgbò, tó ń wo aago. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ní ibi tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn.

Ohun tí wọ́n jọ gbà, àti ibi tí ọ̀nà ti pín

Ẹni tó bá fetí sí àwọn onísègùn wa dáadáa á gbọ́ pé kòkòrò àti aràn ń gbé inú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí èèyàn bá ń jẹ ohun dídùn jù ni wọ́n máa ń pọ̀ kọjá ààlà, tí wọ́n á kúrò láyè wọn, tí àìsàn á sì dé. Ìdí nìyẹn tí àgbo fi ń korò. Ìkorò ló ń dá wọn padà sáyè wọn.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn oníṣègùn òyìnbó. Àwọn náà ní kòkòrò ń gbé ojú ara obìnrin tí ara rẹ̀ le. Ọ̀gá nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní lactobacillus, òun ló ń mú kí ibẹ̀ máa kan díẹ̀, bí omi orí ògì. Lórí òṣùwọ̀n pH, ìkan yẹn máa ń wà láàárín 3.8 sí 4.5, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò mìíràn rójú ráyè. Bí lactobacillus bá dín kù, àwọn yòókù á gba ilé.

Àwọn àgbà wa ò jìnnà, àbí? Ìhà méjèèjì ló gbà pé kí kòkòrò kọjá ìwọ̀n ni wàhálà. Ibi ìtọ́jú ni ọ̀nà ti pín. Àgbo ní ká fọ inú kó mọ́. Dókítà ní bí ẹ bá ń fọ inú ojú ara, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé lẹ̀ ń lé dànù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ yìí ló yí mi lọ́kàn padà, torí kò sọ pé màmá mi ò mọ nǹkan kan.

Nǹkan tó ń jáde: ìgò kan fún àrùn mẹ́ta

Ibí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ibí ni owó àti àkókò ti ń ṣòfò jù. Lẹ́nu wa, "infẹ́kṣàn" ti di orúkọ kan ṣoṣo fún ohun gbogbo. Ẹ tún lè gbọ́ "sitáàfù", pàápàá bí yàrá àyẹ̀wò kan nílé bá kọ staphylococcus sínú ìwé fún yín. Kòkòrò yẹn ń gbé ara ọ̀pọ̀ èèyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan, rírí i nínú àyẹ̀wò kò tíì sọ pé òun ló ń dà yín láàmú. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Kì í ṣe orí ìjókòó rẹ̀ ni èèyàn ti ń kó àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yìí.

*Thrush.* Nǹkan funfun tó ki, tó rí bíi wàrà tó dì. Ó ń yún gan-an, awọ á pọ́n, ìtọ̀ lè máa ta. Kì í sábà rùn. Candida ló ń fà á, ẹ̀yà kan lára àwọn ìbátan olú àti ìwúkàrà. Oògùn rẹ̀ ni clotrimazole tí wọ́n ń fi sójú ara, tàbí kápúsù fluconazole 150 mg kan ṣoṣo. Aláboyún kì í gbé kápúsù yẹn mì.

*BV, ìyẹn bacterial vaginosis.* Omi tó ṣàn, tó funfun tàbí tó rí bí eérú, òórùn rẹ̀ bí ẹja, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kì í sábà yún. Àwọn kòkòrò tó gba ilé lọ́wọ́ lactobacillus ló fà á. Metronidazole ni wọ́n sábà ń fún èèyàn, 400 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5 sí 7.

*Trichomonas.* Ó lè ní àwọ̀ ewé mọ́ ìyeyè, kó máa hó bí ọṣẹ, kó rùn, kó sì yún. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e, nítorí náà bí obìnrin bá lo oògùn tí ọkọ ò lò ó, wọ́n á kàn máa gbé e fún ara wọn ni.

Clotrimazole ò ran BV. Metronidazole ò ran thrush, ó tiẹ̀ lè mú thrush wá. Ìyẹn ni pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá, bí wọn ò bá mọ orúkọ àrùn, wọ́n á ṣi oògùn lò. Ẹ wá bi ara yín bí ìgò kan ṣoṣo tí ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ pò fún ẹni tí kò fojú rí ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀.

"Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún mi." Mo mọ̀. BV máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì tún máa ń padà wá. Àgbo tó bá wà lórí tábìlì lọ́jọ́ tó lọ ni yóò gba ìyìn, oúnjẹ tí ẹ jẹ lọ́jọ́ tó padà ni yóò gba ẹ̀bi.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Chlamydia àti àtọ̀sí, àrùn méjì tí ìbálòpọ̀ ń gbé, lè wà lára obìnrin kó má fi ohunkóhun hàn án. Nínú obìnrin 10 tó ní chlamydia, ó kéré tán 7 ni kò rí àmì kankan. Kò sí omi, kò sí òórùn, kò sí ohun tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́wé. Níbi tó dákẹ́ sí yẹn ló ti lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ. Bí obìnrin mìíràn bá tiẹ̀ rí àmì, tó mu àgbo àtọ̀sí, tí àmì náà lọ, kò sóhun tó fi hàn án pé àrùn lọ. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́.

Yíyàn mi níbí kò ní àbùjá: nígbà àkọ́kọ́ tí nǹkan bá jáde tí kò rí bó ṣe máa ń rí, ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ lè lọ sí kíníìkì ìlera ìbálòpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sexual health clinic. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á fún yín ní òwú kékeré lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó fi gba àpẹẹrẹ fúnra yín nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò ní wo ìhòòhò yín. Bí wọ́n bá ti sọ fún yín rí pé thrush ni, tí àmì náà sì tún padà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ lè ra oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ apoògùn láìrí dókítà. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé 16 àti ẹni tó ti lé ní 60 ni kó lọ rí GP.

Ìtọ̀ tó ń ta lójú méjèèjì, tó ń gbọ̀n yín wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ nìyẹn. Láti January 2024, apoògùn ní England lè fún obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 64 ní oògùn rẹ̀ tààrà, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Pharmacy First. Bí ibà, òtútù àti ẹ̀yìn dídùn bá ti bá a wá, ó ti kọjá ti apoògùn.

Fífọ, ooru, àti àwọn ohun tí wọ́n ń fi síbẹ̀

Ọṣẹ dúdú dára lára. Mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n eérú ni wọ́n fi ń sè é, agbára eérú sì ni òdìkejì ìkan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kó mọ sí ẹ̀yìn òde. Omi lásán tó fún ibẹ̀, inú kò nílò ohunkóhun rárá, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, Dettol, omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi ewé. Àwọn obìnrin tó ń da omi sínú ojú ara ni BV ń bá jà jù. Bí òórùn bá sì dé, wọ́n á tún fọ̀ sí i. Mo ti ṣe é rí. Mo fọ̀ títí mo fi ń fọ ohun tí fífọ náà fà.

Ìjókòó lórí ooru ńkọ́? Ooru ò lè gbabẹ̀ dé ilé ọmọ. Ọrùn ilé ọmọ ò ṣí sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Awọ abẹ́ ni ooru ń bá, awọ yẹn sì fẹ́lẹ́. Lọ́dún 2019, àwọn oníṣègùn ní Kánádà kọ ìròyìn obìnrin ẹni ọdún 62 kan tó jókòó lórí ooru ewé, tó sì jóná níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á, mo rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya jíjókòó lẹ́yìn ìbímọ sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àti agbẹ̀bí òyìnbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Agbẹ̀bí níbí náà lè ní kí obìnrin tí wọ́n rán lójú ara jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ara lè tù ú. Ìyàtọ̀ wọn kò ju méjì lọ: omi wọn kì í gbóná débi tí yóò bó èèyàn, wọn kì í sì da nǹkan kan sí i. Ẹ fi ìgúnpá dán an wò bí ẹ ṣe ń dán omi ọmọ tuntun wò. Bí omi bá ta ìgúnpá, kò yẹ fún ojú ọgbẹ́.

Lórí ìtọ́jú abiyamọ lápapọ̀, ìhà àwọn ìyá wa ni mo gbè sí. Agbẹ̀bí ìjọba á yà wò yín lẹ́ẹ̀mélòó kan, GP á yẹ̀ yín wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ó parí. Ìyá wa á gba físà, á wá, á wẹ ọmọ, á se ọbẹ̀ gbígbóná, á ní kẹ́ ẹ lọ sùn. Kò sí ìwé oògùn tó lè dípò ìyẹn. Ẹ gba ọwọ́ wọn, kẹ́ ẹ kàn gba kẹ́túlù lọ́wọ́ wọn.

Álọ́ọ̀mù àti àwọn ẹ̀tù tí wọ́n ní ó ń mú ojú ara fún, tí wọ́n ń tà lórí Instagram pẹ̀lú orúkọ adùn-bí-oyin, mi ò ní fi wọ́n wé ohunkóhun. Wọ́n ń gbẹ ibẹ̀ ni. Ibi tó bá gbẹ máa ń ya nígbà ìbálòpọ̀, ojú yíya kéékèèké yẹn ni HIV àti àwọn àrùn yòókù ń gbà wọlé. Bí ẹ bá rò pé ibẹ̀ dẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, iṣan ló rẹ̀. Ẹ fún un mọ́ra bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ àti afẹ́fẹ́ mọ́ra, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ sí méjìlá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún bí oṣù mẹ́ta. Bí ìtọ̀ bá ń jò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ní kí GP fi yín ránṣẹ́ sí fisioterapísìtì tó ń rí sí ìsàlẹ̀ ikùn obìnrin. Ọ̀fẹ́ ni lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Fún ìyá tó ti ń wọ àádọ́ta ọdún tí ibẹ̀ ń gbẹ fúnra rẹ̀, ìpara họ́mọ̀nù kan wà tí GP lè kọ fún un. Ẹ má fi òróró tàbí òrí rọ́pò rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kẹ́ ẹ tó béèrè.

Nǹkan oṣù, àti oyún ìju

Inú rírun lásìkò nǹkan oṣù jẹ́ ibi tí mo ti lè ní kẹ́ ẹ mú èyí tó wù yín. Atalẹ̀ tí ẹ fi omi gbígbóná rẹ, àwọn ìwádìí kan rí i pé ó ń dín ìrora náà kù. Róbà omi gbígbóná lórí ikùn náà ń ṣiṣẹ́. Ibuprofen ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń dènà èròjà tó ń mú ilé ọmọ fún ara rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò yẹ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú.

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Fáíbírọ́ìdì, tí àwọn àgbà ń pè ní oyún ìju, pọ̀ lára àwa obìnrin dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń tètè bá wa. Àgbo tí wọ́n ní yóò yọ́ ọ, mo ti rí àwọn tó mu ún fún ọdún méjì, mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, àbúrò ọ̀rẹ́ mi, fi ọwọ́ rẹ̀ mú tèmi lé ikùn rẹ̀ láti fi hàn mí pé ó ti ń rọ̀. Kò rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ìwé, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀nà méjèèjì ṣe rí:

Lọ́wọ́ àgbo: kò sí ọ̀bẹ, ẹ ò ní tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ìrètí sì wà pé ilé ọmọ ò ní lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wọn kókó náà, kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ ò sì ní mọ bó ń kéré tàbí bó ń dàgbà.

Lọ́wọ́ ilé ìwòsàn: àwòrán scan á fi iye kókó, ìwọ̀n wọn àti ibi tí wọ́n wà hàn. Oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, bíi tranexamic acid. Kọ́ìlì họ́mọ̀nù wà. Iṣẹ́ abẹ tó ń yọ kókó nìkan, tó ń fi ilé ọmọ sílẹ̀, wà, ọ̀nà kan sì wà tí wọ́n fi ń dí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó náà. Àléébù rẹ̀ ni dídúró lórí ìlà, ó lè gba oṣù púpọ̀.

Ẹ̀rù tó ń lé ọ̀pọ̀ wa padà sídìí àgbo ni pé "wọ́n á yọ ilé ọmọ mi". Ẹ sọ ọ́ síta fún dókítà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ẹ ṣì fẹ́ bímọ. Yíyàn tó wà nílẹ̀ máa ń yí padà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Wíwá ọmọ

Lọ́dọ̀ wa, bí àtọ̀ bá ṣàn jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, wọ́n á ní èdà ni, wọ́n á pàṣẹ àgbo èdà. Àtọ̀ a máa ṣàn jáde lára gbogbo obìnrin. Àwọn tó máa débi ẹyin ti lọ ná. Ohun tí mo fẹ́ràn lọ́dọ̀ onísègùn àtijọ́ ni pé òun pàápàá máa ń bi ọkọ léèrè bí àtọ̀ rẹ̀ ṣe ki tó. Àwọn ẹbí ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan.

GP á dá yín lóhùn bí ẹ bá ti gbìyànjú fún ọdún kan, tàbí kí ọdún náà tó pé bí ìyàwó bá ti pé 36. Ìyàwó á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọkọ á gbé àtọ̀ sínú ike. Bí ọkọ bá kọ̀ jálẹ̀, ìgò mẹ́wàá ò lè yanjú ìṣòro yín. Ẹ kíyè sí èyí náà: ẹni tó ń san owó ìlera orí físà, ìyẹn £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà láti February 2024, kò ní ẹ̀tọ́ sí IVF ọ̀fẹ́ (pípa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò) ní England. Àyẹ̀wò tó ń wá ìdí ìṣòro wà nínú ohun tí ẹ san, IVF fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Bí olùṣọ́ bá rí i nínú ẹ̀mí pé ọkọ ọ̀run ló dí yín lọ́nà, ẹ gbàdúrà. Àdúrà ò bá oògùn jà. Olùṣọ́ tó bá ní kẹ́ ẹ da oògùn nù ni kẹ́ ẹ sá fún.

Owó, àṣírí, ìwé ìgbélùú

Ibi mẹ́ta yìí ni àgbo ti ń borí lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ìgò wà ní Rye Lane ní Peckham, kò sẹ́ni tó ń béèrè físà, onítọ̀hún gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé "ṣí ẹsẹ̀ rẹ". Mo gbà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a gbọ́ nípa ìhà kejì kò rí bẹ́ẹ̀.

Rírí GP jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ní ìwé tàbí kò ní. Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àwọn àrùn ìbálòpọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn, HIV náà wà nínú rẹ̀. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Oògùn kan tí GP kọ ní England jẹ́ £9.90 nígbà tí mò ń kọ èyí. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, kò sí owó rárá. Ìgò àgbo kan lè wọ́n ju ìyẹn lọ. Ibi tí ìṣòro wà ni ìtọ́jú inú ọsibítù, títí kan ìbímọ, fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́: wọn ò gbọdọ̀ lé aláboyún, àmọ́ wọ́n lè kọ owó sí i lọ́rùn, gbèsè NHS tó bá tó £500 sì lè di ìdènà nígbà tí ẹ bá tún ń wá físà. Ẹ ní kí wọ́n pín owó náà sí díẹ̀díẹ̀ kó tó dàgbà.

Ní ti àṣírí, ẹ lè béèrè obìnrin tí yóò yẹ̀ yín wò. Ẹ lè béèrè ògbufọ̀ Yorùbá, NHS ló ń sanwó rẹ̀, bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé ará ṣọ́ọ̀ṣì yín lè jẹ́ ògbufọ̀ náà, ẹ ní kó jẹ́ orí fóònù láìdárúkọ yín. Ẹ má mú ọmọ yín lọ ṣe ògbufọ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún méjìlá tó ń tú ọ̀rọ̀ omi ojú ara ìyá rẹ̀ fún dókítà. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀, ìyá ń wo ògiri.

Àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, tí wọ́n ń pè ní smear, kò ní ẹlẹgbẹ́ lọ́dọ̀ àgbo, nítorí náà kò sí nǹkan tí mo máa fi wé e. Ó ń wá kòkòrò HPV kó tó di jẹjẹrẹ. Láti ọdún 25 sí 64 ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí obìnrin tó wà lórí ìwé GP. Láti July 2025, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ní England bí wọn ò bá rí HPV. Ẹ lè ní kí wọ́n lo irinṣẹ́ kékeré, ẹ lè sọ pé ẹ fẹ́ fi í wọlé fúnra yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n dúró nígbàkigbà.

Ẹni tí wọ́n dábẹ́ fún

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti lé ní ogójì ọdún ni wọ́n dábẹ́ fún ní ọmọ ọwọ́, a ò sì rántí. Agbẹ̀bí níbí á béèrè. Kì í ṣe yín ló ń wá mú. Ó ń béèrè kí ìbímọ lè rọrùn ni, kíníìkì sì wà fún un. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín ni òfin le lé lórí. Òfin ọdún 2003 ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti dábẹ́ fún ọmọ níbí tàbí láti gbé e lọ sílé lọ ṣe é, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14. Bí màmá àgbà bá ń fi tìyẹn halẹ̀ lórí fóònù, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà.

Bí ẹ bá ṣì máa mu àgbo

Kò burú, àgbàlagbà ni yín. Àwọn ohun tí èmi máa ń wò nìyí. Oògùn ewé tó gba ìwé àṣẹ ní Ìlú Ọba máa ń ní àmì THR lára. Àmì yẹn ń sọ pé wọ́n yẹ bó ṣe mọ́ wò, wọ́n sì yẹ ewu rẹ̀ wò. Kò sọ pé wọ́n ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kò ní ìyẹn pàápàá.

Ẹ bi ẹni tó pò ó ní orúkọ ewé àti egbò inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní àṣírí ìdílé ni, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ bi í bóyá ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́: ìwé inú páálí metronidazole ní kẹ́ ẹ má fi ọtí kàn án. Bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, bí ẹ bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún apoògùn kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí ìgò. Ẹ ya fọ́tò ìgò náà sórí fóònù. Ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn, ó kéré tán, ẹ ó lè dáhùn ìdajì rẹ̀.

Mímu ni mo ń sọ o. Èyí tí wọ́n ń fi sójú ara, mi ò ní ìmọ̀ràn kankan lórí bí ẹ ṣe máa lò ó.

Ìgbà tí kò sí ìfiwéra

Ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oyún wà nínú. Inú tó ń dùn lápá kan nígbà tí nǹkan oṣù ti pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ tó ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí èyí tó ń rùn pẹ̀lú ibà. Ìsàlẹ̀ ikùn tó ń dùn pẹ̀lú ibà. Ní àwọn yìí, ẹ pe 111, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Bí ojú bá ń ṣú yín tàbí ẹ̀jẹ̀ ò dúró, 999 ni. Fún ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró fún ọdún kan, ẹ pe GP láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì lo gbólóhùn yẹn gan-an fún ẹni tó bá gbé fóònù, torí òun ló ń pinnu ọjọ́ tí wọ́n á rí yín.